Ẹni Tó Dáhùn sí Orúkọ Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán. Ẹni tí ọmọ ń sùn lé lẹ́sẹ̀, kó gbé e fún ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé já lágbede méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró tó jẹ́ pé ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ yà fún mi. Lájídé, má fi ẹ̀rín yẹn gún mi lára o. Bàbá rẹ jẹ nínú ẹran náà, ó sì lá ọwọ́. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, mo sì ń pín ẹran kárí àdúgbò. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn nínú igbó, èwo ló bà mí lẹ́rù jù, n kò ní dárúkọ ẹfọ̀n. Èyí tí mo lọ láìmú ìbọn dání ni, ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ọmọ-ọmọ mi lọ wo ẹyẹ. Wíwò ni mo wí o. A kò dẹ okùn, a kò dẹ pàkúté, a kò sì ju òkò kan ṣoṣo.

Ọmọ mi Ọdẹ́wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ló gba ìsinmi. Ó kó ìyàwó rẹ̀ Morádékẹ́ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìbídùnní, sínú mọ́tò, ó gbé èmi náà kún un, ó ní gbogbo wa ń lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní Aba Arógunmásàá, níbi tí wọ́n ti bí òun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ìbídùnní nígbà náà. Ó fi awò olójú méjì kan kọ́ ọrùn, irú èyí tí ń fa ohun tó jìnnà réré wá sí iwájú ìpéǹpéjú ènìyàn, ó sì mú ìwé kan lọ́wọ́. Olùkọ́ wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: bí o bá rí ẹyẹ, jókòó, wò ó, kọ ohun tó ń ṣe. Bí a ti sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, ó wá bá mi nídìí ògiri.

"Bàbá àgbà, dádì mi ní kò sí ẹyẹ tí ẹ ò mọ̀."

Mo na àyà. "Mo mọ̀ wọ́n ju ìyá tó yé wọn lọ."

"Àtíòro ńkọ́?"

"Àtíòro! Ẹlẹ́nu gígùn, aláriwo ẹyẹ! Tó bá ń fò, apá rẹ̀ á máa dún fùù, fùù, bí ẹni tó ń finná."

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó mú kálàmù. "Kí ló máa ń ṣe láàárọ̀?"

"Ó máa ń dùn nínú ọbẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń dùn lálẹ́."

Morádékẹ́ yíjú sẹ́yìn kó má baà rẹ́rìn-ín lójú bàbá ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé láìkọ nǹkan kan, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o, n kò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi tí mo ní àkísà igbó kún inú ilé, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò rí ẹyọ gbólóhùn kan kọ lẹ́nu mi. Mo pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, màá mú un wọ Igbó Mápariwo, kó lọ rí ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ sí ìbọn mi, ó ní, "Rárá o, Bàbá àgbà. Tí ẹ bá mú un, wọ́n á mọ̀." Mo fi ìbọn sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Ọdẹ́rìndé yóò wọ igbó lọ́wọ́ òfo nítorí pé ọmọ kékeré kan ní rárá, ẹ̀yin àti èmi ni à bá jọ jà. A wọ igbó. Ó gbé awò náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo ẹ̀gà kan lórí ọ̀pẹ. Mo gbé e sójú, mo di ojú òsì. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, ojú méjì ni wọ́n fi ń wò ó!" Mo ya ojú òsì, ó tún pa dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi wí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ojú yẹn ti ń pa dé nígbàkígbà tí ohun abẹ̀mí bá dúró níwájú mi. Ó ti rò pé iṣẹ́ òun nìyẹn láyé. Ìgbà tí mo wá rí i yà tán, mo rí ohun tí n kò rí rí. Ẹ̀gà náà fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fò pẹ̀lú rẹ̀, ó tì í bọ inú ìtẹ́, ó yí i po, ó tún fà á yọ lódì kejì, bí ìyá tó ń dirun ọmọ. Nígbà tó parí, ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ìtẹ́, ó ń mì í wò bóyá ó le. Mo ti rí ẹ̀gà ju ewé igi lọ láyé mi, n kò sì mọ̀ pé wọ́n máa ń dán iṣẹ́ wọn wò. Mo gbé awò náà kọ́ ọrùn ara mi, n kò sì dá a padà fún un mọ́, bí ọmọ tó gba ìṣeré ọmọ ẹlòmíràn. A wo òpéèré, a wo àdàbà, a wo àparò kan tó ń fi eruku wẹ̀. Bí mo bá rí nǹkan, màá sọ; bí mo bá sọ, á kọ ọ́. Inú mi ń dùn, ara mi sì ń yá gágá láti mọ èyí tó kàn.

Ibi tí ara yíyá ti ń kó bá àgbà nìyẹn. Ẹ̀yin ọdẹ tó jókòó síbí, òfin wo ni a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdẹ? A kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó. A lè súfèé, a lè lu igi, a lè wúkọ́, ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ, nítorí a kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Èmi fúnra mi ti gbá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì létí nítorí òfin yìí. Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìbídùnní wà lẹ́yìn mi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìyẹ́ kan nílẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ fùù, fùù, lókè orí mi. Àtíòro ńlá kan bà sórí igi àràbà, èso pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbàgbé ọdún mọ́kànlélógójì, mo pariwo: "Ìbídùnní! Tètè wá wò ó!"

"Ẹ̀n, Bàbá àgbà!"

Iwájú mi ni ohùn náà ti wá. Ọmọ náà wà lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀, kò gbórí sókè rárá, àfi bí ẹni pé kì í ṣe òun ni mo pè. Dípò kí n dákẹ́, ìbẹ̀rù tún tì mí sí àṣìṣe kejì. "Ìbídùnní!" Ohùn náà dá mi lóhùn láti ọwọ́ òsì: "Mò ń bọ̀ o!" Nígbà náà ni ọmọ náà dìde. Ó wò mí bí ènìyàn ti ń wo igi, ó yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú igbó, ó ń tẹ̀ lé àdàbà kan tó ń jẹ̀ nílẹ̀. Mo la ẹnu láti pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

"Pè é," ohùn kan wí létí mi. "Ó kù ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà jókòó lórí gbòǹgbò àràbà. Kò ga ju ọmọ ọdún méje lọ, ìyẹ́ ló bò ó látòkè délẹ̀, kò sì sí ìyẹ́ méjì tó jọra lára rẹ̀. Kò ní ẹnu lójú. Ọ̀fun rẹ̀ ló ń là tó ń pa dé bó bá ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dá mi níjì jù ni ohùn tó fi ń sọ ọ́. Ohùn Àkànó ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ, tó wọ igbó yẹn ní ọdún kẹta tí mo ra ìbọn, tí a wá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a kò rí fìlà rẹ̀ pàápàá.

"Ta nìwọ?" ni mo bi í.

"Adáhùn-má-yọjú ni wọ́n ń pè mí. Lónìí, mo yọjú nítorí tìrẹ. Èyí tí o pè lákọ̀ọ́kọ́, mo gbé orúkọ ọmọ náà mì. Èyí tí o pè lẹ́ẹ̀kejì, mo gba ọ̀nà ilé lórí rẹ̀. Bí o bá pè lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹ́ á hù lára rẹ̀. Bí o kò bá sì pè, bí òòrùn bá dé àtàrí, ìyẹ́ á hù náà ni."

Mo wo òkè. Òòrùn ti ga. Mo ro ti Morádékẹ́ tó wà lábà, tó ń se oúnjẹ dè wá, tó jẹ́ pé ọmọ kan yìí nìkan ló bí láyé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí kò tó èjìká mi. Mo ní, "Sọ ohun tí o fẹ́ kí n fi rà á padà. Èmi ni kí o mú. Orúkọ tèmi nìyí."

"Orúkọ arúgbó ti gbó, kò dùn ún gbé mì." Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí n kò mọ̀. "Wọ́n ní o mọ ẹyẹ ju ìyá tó yé wọn lọ. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Bí o bá dáhùn wọn, màá dá ọ̀nà ilé padà sórí ọmọ náà. Àkọ́kọ́: ta ni ń jẹun nínú igi tí kò ní ilẹ̀kùn?"

Mo ní ikán. Ó ní ikán ní ilẹ̀kùn. Mo ní kòkòrò. Ó ní kòkòrò ló gbẹ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ wọlé. Mo ní òkú tí wọ́n sin sínú pósí, ó ní òkú kì í jẹun, kí n má fi àkókò ọmọ náà ṣeré. Gbogbo ọgbọ́n mi tán síbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí olùkọ́ àwọn ọmọdé sọ: jókòó, wò ó. Mo jókòó sílẹ̀. Mo gbé awò náà sójú, mo fi ìka méjì ya ìpéǹpéjú òsì mi, mo ń wo igi àràbà náà láti gbòǹgbò lọ sókè. Igi náà dán, kò sí ihò lára rẹ̀. Àtíòro tí mo rí lẹ́ẹ̀kan ṣì wà lẹ́ka. Ó fò, ó bà sí ara igi níbi tí kò sí nǹkan kan, ó na ọrùn. Mo wò ó dáadáa. Amọ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi dí ihò kan pa tó fi jọ èèpo igi, ojú kan ṣoṣo tí kò ju ìka lọ ló kù láàárín rẹ̀. Ẹnu gígùn kan yọ láti inú ojú náà, ó gba èso, ó wọlé padà. Akọ fò lọ, ó tún padà dé, ẹnu yẹn tún yọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kà á, mo gbàgbé pé ènìyàn ni mí.

"Ìyàwó rẹ̀ ni," ni mo wí. "Ó wà nínú ilé lórí ẹyin. Wọ́n fi amọ̀ dí ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn kí ejò má wọlé, ọkọ rẹ̀ ló sì ń bọ́ ọ."

"O rí i," ni ó wí. "Èkejì: bí ọkọ kò bá padà dé mọ́, ta ni ó ń bọ́ wọn?"

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún tí a bí Ọdẹ́wọlé, lórí àràbà yẹn gan-an, mo yìnbọn lu àtíòro kan. Nígbà tó bọ́, èso ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pé ọ̀kánjúwà ẹyẹ rèé, tó kú tán tí kò ju oúnjẹ nù. Ìyá Ọdẹ́wọlé wà nínú yàrá lábà pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì lè jáde, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wọlé fún un. Ẹyẹ yẹn ni mo sè fún un. Mo gbé abọ́ gba ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ gbà á, inú wa dùn. Ọdẹ ni mí, oúnjẹ ni mò ń wá fún aya mi, n kò sì mọ̀ pé ohun kan náà ni ẹni tí mo pa ń ṣe.

"Kò sí ẹni tó bọ́ wọn," ni mo wí, omi sì ń bọ́ lójú mi. "Wọ́n dúró dè é títí."

"Mélòó ni o pa lọ́jọ́ náà?"

"Mo kà á sí ẹyọ kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N kò mọ iye tí mo pa."

Ohùn Àkànó ni Adáhùn-má-yọjú tún mú. "O dáhùn. Ọ̀nà ilé ti padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo bá gbé mì, n kì í pọ̀ ọ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Kí ni ìwọ yóò fi fà á bọ̀ sójú ọ̀nà? Lọ pè é ní èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́."

Ó bá mi níbi tó ń dùn mí. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ náà, gbogbo ẹbí ló péjọ sọ ọ́ lórúkọ. Èmi wà nínú igbó, mò ń tọ ipasẹ̀ ìgalà kan fún ọjọ́ kẹrin. Mo fi itan rẹ̀ ránṣẹ́, mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. N kò sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ kankan.

"Tètè ronú," ni ó wí. "Kí o sì má jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Bí mo ti ṣẹ́jú, kò sí lórí gbòǹgbò mọ́.

Ìbídùnní wà ní ìwọ̀n ọgọ́rin ẹsẹ̀ sí mi, láàárín àwọn àdàbà, ojú rẹ̀ ń bẹ́ sọ́tùn-ún bẹ́ sósì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ewé dún, ọmọ náà ta kìjí, ó fò lọ síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Mo wá rí i pé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, iṣẹ́ ọdẹ ni. Mo bọ́ bàtà. Bí afẹ́fẹ́ bá mi ewé, mo gbé ẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, mo dúró bí kùkùté. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí ẹ̀ka gbígbẹ má baà ṣẹ́. Mo ti yọ́ sí ẹtu, mo ti yọ́ sí ìgalà, n kò yọ́ sí nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òòrùn ń gun òkè. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ márùn-ún, mo rí ìyẹ́ kékeré funfun kan lábẹ́ etí rẹ̀, ojú òsì mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé fúnra rẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo fi ìka yà á, mo yà á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ojú méjèèjì ni mo fi wo ọmọ náà. Mo rí àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀, mo rí bí irun rẹ̀ ti ká sí iwájú orí gẹ́gẹ́ bíi ti ìyá mi. Ọdún mẹ́wàá ni ọmọ yìí ti wà láyé, n kò wò ó tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni mo wò. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi ẹnu kan etí rẹ̀, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí a ti ń sọ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ:

"Àríkẹ́."

Ìyẹ́ funfun náà já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀n, Bàbá àgbà," ni ó wí. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Akọ yẹn tún ti ń bọ̀."

Fùù, fùù. Àtíòro bà. A jókòó ti ara wa, mo fún un ní awò rẹ̀, ó wò, ó kọ, n kò sì gbé ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀ títí a fi dìde.

Bí a ti ń jáde sí ẹ̀yìn aba, Morádékẹ́ rí wa lókèèrè, ó juwọ́, ó pè: "Ìbídùnní o! Ẹ wá jẹun!" Ọmọ náà wà lọ́wọ́ mi, kò yíjú. Láti inú igbó lẹ́yìn wa, ohùn kan dáhùn ketekete: "Mà!" Ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ Morádékẹ́.

"Bàbá, ta ló jẹ́ mi yẹn?"

"Má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Àríkẹ́ ni kó o máa pè é."

"Ta ló sọ ọ́ ní Àríkẹ́?"

"Èmi ni. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́."

Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó fa ọmọ mọ́ra ṣinṣin. Nígbà tó yá, ó ní, "Lọ́jọ́ ìkómọ, Bàbá, ọmọ yín kọ orúkọ tí gbogbo ènìyàn sọ ọ́ sínú ìwé kan. Tiyín ló fi ṣáájú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Èyí tí Bàbá sọ ọ́,' ó wá fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀."

"Ó ṣì ṣófo?"

"Ó ṣì ṣófo, Bàbá."

Mo sunkún níwájú ìyàwó ọmọ mi, ojú kò sì tì mí. Ibi tí mo rìn dé tí mo fi padà nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé mo purọ́, kó lọ sí Igbó Mápariwo láàárọ̀, kó dúró sídìí àràbà, kó pe Ìbídùnní lẹ́ẹ̀kan péré. Yóò gbọ́ èsì, ohùn ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò sì fi dá a lóhùn. Àríkẹ́ ti pé mẹ́rìndínlógún báyìí.